Ọ́tísìmù lára àgbàlagbà: Ohun tí ó yẹ kí ènìyàn kó jọ kí ó tó lọ fún àyẹ̀wò

Bí wọ́n bá dárúkọ ọ́tísìmù ní Nàìjíríà, ọmọdé ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ sí: ọmọ tí kò tètè sọ̀rọ̀, ọmọ tí kì í dáhùn bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀, ọmọ tí ó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ìṣeré rẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ kì í ṣe ọmọ títí ayé. Donald Triplett, ará Amẹ́ríkà tí ó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ 11 tí Dókítà Leo Kanner kọ ìwé nípa wọn ní ọdún 1943, dàgbà, ó gba oyè yunifásítì, ó ṣiṣẹ́ ní báńkì, ó sì ń wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni ọdún 89 ni nígbà tí ó kú ní ọdún 2023.

Àwọn tí wọ́n bí ní Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1970, 1980 àti 1990 pẹ̀lú irú ìṣẹ̀dá kan náà wà láàrin ìlú lónìí. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò gbọ́ orúkọ ọ́tísìmù rí ní ìgbà èwe wọn, nítorí pé kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ní ilé ìwé wọn tàbí ní ilé ìwòsàn tí ó wà nítòsí. Orúkọ mìíràn ni wọ́n fún wọn: olóríkunkun, aláìníwà, ẹlẹ́gbẹ́ ọ̀run, ẹni tí ayé ń ṣe. Nísinsìnyí, àwọn kan nínú wọn ń fẹ́ mọ òtítọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ tí àwọn náà bí ni ó máa ń ṣí wọn lójú. Dókítà yóò máa ṣe àlàyé àmì tí ó rí lára ọmọ, bàbá tàbí ìyá tí ó jókòó tì í yóò sì máa rò ó nínú ara rẹ̀ pé ìtàn òun gan-an ni wọ́n ń sọ yẹn.

Kò sí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n lè fà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àwòrán ọpọlọ tí wọ́n lè yà, tí yóò fi ọ́tísìmù hàn. Ìtàn ìgbésí ayé ènìyàn ni ohun èlò tí dókítà ń lò, pẹ̀lú ohun tí ó bá fi ojú ara rẹ̀ rí. Ìdí nìyí tí ìmúrasílẹ̀ fi ṣe pàtàkì. Ẹni tí kò bá kó ìtàn rẹ̀ jọ lè pàdánù owó iṣẹ́ ọjọ́ kan, kí ó tò lórí ìlà láti àárọ̀, kí ó bá dókítà sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí wọ́n sì kọ oògùn oorun fún un pé kí ó máa lọ sílé. Fún Yorùbá tí ń gbé ní Sabon Gari ní Kánò, kíkó ìtàn jọ yìí ní ìṣòro tirẹ̀.

Ohun tí dókítà ń wá

Ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé fún ọdún 2021 ni pé nǹkan bí ènìyàn kan nínú 127 ní ayé ni ó ní ọ́tísìmù. Kì í ṣe àrùn tí ń ràn, kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe àbùkù ìwà. Bí ọpọlọ ṣe dàgbà láti inú oyún wá ni, àjogúnbá sì kó ipa ńlá nínú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kọ́ ni ó ń fà á. Ìwé kan tí ó dábàá bẹ́ẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1998, ni ìwé ìròyìn ìṣègùn tí ó gbé e jáde fagi lé ní ọdún 2010. Ó yẹ kí wọ́n tún èyí sọ ní Kánò ju ibòmíràn lọ, nítorí gbogbo ènìyàn ni ó rántí ohun tí kíkọ abẹ́rẹ́ àti oògùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2003 dá sílẹ̀.

Ìlànà méjì ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ ń tẹ̀ lé jù: èyí tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2013, àti ti Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2022. Ohun tí àwọn méjèèjì ń béèrè fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Ìhà kìíní ni ìbánisọ̀rọ̀ àti àjọṣe: bí ènìyàn ṣe ń gba ọ̀rọ̀ tí ó sì ń dá a padà, bí ó ṣe ń mọ ohun tí ojú àti ọwọ́ ẹlòmíràn ń sọ, bí ó ṣe ń ní ọ̀rẹ́ tí kì í sì í pàdánù wọn. Ìhà kejì ni àṣà tí kì í yí padà, ohun kan ṣoṣo tí ọkàn ènìyàn máa ń rọ̀ mọ́, ìṣípòpadà ara tí ó ń tún ara rẹ̀ ṣe, àti ara tí ó gba ariwo, ìmọ́lẹ̀, òórùn tàbí aṣọ ju bí ó ti yẹ lọ, tàbí tí kò tilẹ̀ gbà wọ́n.

Àmì wọ̀nyí gbọ́dọ̀ ti wà láti ìgbà èwe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè fara pamọ́ títí ìgbésí ayé yóò fi béèrè ohun tí ó ju agbára ẹni náà lọ. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa dí i lọ́wọ́ ní ti gidi: níbi iṣẹ́, nínú ìgbéyàwó, nínú ìtọ́jú ara. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í. Ẹni tí kò fẹ́ràn ariwo pọ̀, ẹni tí ó ń tijú pọ̀, ìyẹn nìkan kò sọ wọ́n di ẹni tí ó ní ọ́tísìmù.

Ìtàn tí ó pín sí ìlú méjì

Sabon Gari túmọ̀ sí ìlú tuntun ní èdè Haúsá. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó dá a sílẹ̀ ní ẹ̀yìn odi Kánò àtijọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1910, nígbà tí ojú irin láti Èkó dé ibẹ̀, kí àwọn òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò láti ìhà gúúsù lè rí ibi gbé. Ó pa ni lẹ́rìn-ín díẹ̀ pé orúkọ kan náà ni Sábó tí Yorùbá mọ̀ ní Ìbàdàn àti ní Ṣàgámù, níbi tí àwọn Haúsá ti jẹ́ àlejò. Ní Kánò, Yorùbá ni àlejò. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin àti ìlú mìíràn ti fi ibẹ̀ ṣe ilé láti ìran dé ìran.

Ọ̀pọ̀ ìdílé bẹ́ẹ̀ ni ó bí ọmọ sí Kánò, tí wọ́n rán an lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ní ilé nígbà tí ó já lẹ́nu ọmú, tí ó sì padà wá kọ́ṣẹ́ òwò nígbà tí ó di ọ̀dọ́langba. Àbájáde rẹ̀ ni pé àwọn tí wọ́n mọ bí ó ṣe rí nígbà èwe wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n ní àgbà sì wà ní Sabon Gari. Kò sí ẹnì kan tí ó mọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí kò ṣe òun fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ẹni tí ó lè rántí ìgbà tí òun ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ.

Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni láti wá ẹni tí yóò jẹ́rìí sí ìgbà èwe náà. Ìyá ni ó dára jù bí ó bá wà láàyè. Bí kò bá sí, ẹ̀gbọ́n tí ó fi ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dàgbà jù ú, àǹtí tí ó pọ̀n ọ́n, olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tàbí aládùúgbò tí wọ́n jọ gbé ojúlé kan náà lè ṣe é. Bí àgbàlagbà náà bá ti ń darúgbó, kí wọ́n má fi iṣẹ́ yìí falẹ̀. Ìrìn àjò lọ sí ilé ní ọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì lè jẹ́ àǹfààní tí kò ní tún padà wá.

Bí wọ́n ṣe béèrè ṣe pàtàkì ju ohun tí wọ́n béèrè lọ. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ẹni ogójì ọdún bá ṣàdédé bi léèrè pé ṣé nǹkan ṣe òun nígbà tí òun wà ní kékeré lè gbọ́ ọ bí ẹ̀sùn. Ó ti gbọ́ irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ rí lẹ́nu àwọn ẹbí ọkọ. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, títí di àwọn ọdún 1960, àwọn oníṣègùn kan ń sọ pé ìyá tí kò fi ìfẹ́ hàn sí ọmọ ni ó ń fa ọ́tísìmù, kí ìwádìí tó fi hàn pé irọ́ ni. Ó sàn kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìtàn: “Màámi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún mi bí mo ṣe ń ṣe nígbà tí mo wà lọ́mọdé.” Kí ó wá dákẹ́, kí ó gbọ́.

Lẹ́yìn tí ìyá bá ti sọ tẹnu rẹ̀ tán ni ìbéèrè lè wọlé. Nígbà wo ni ó rìn, nígbà wo ni ó sọ̀rọ̀? Ṣé ó máa ń bá àwọn ọmọ yòókù ṣe bojúbojú, àbí ó máa ń dá dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ó ń to ìdérí ìgò? Ṣé ó máa ń tún ohun tí wọ́n sọ fún un sọ padà dípò kí ó dáhùn? Báwo ni ó ṣe ń ṣe bí wọ́n bá ń gé irun rẹ̀, bí ẹ̀rọ ata bá ń lọ, bí bàtá bá sọ? Ṣé oúnjẹ kan ṣoṣo ni ó ń jẹ? Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá gba ọ̀nà mìíràn lọ sí ilé ìwé? Kò yẹ kí ẹni tí ń béèrè fi ìdáhùn sí ìyá lẹ́nu. Ìyá tí ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ yóò gbà pé bẹ́ẹ̀ ni sí ohunkóhun tí ó bá rò pé ọmọ fẹ́ gbọ́, irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ kò sì wúlò fún dókítà.

Ọjọ́ orí máa ń ṣòro láti rántí, pàápàá fún àwọn tí kò kọ ọjọ́ ìbí sílẹ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ ìlú ni kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ṣé ọmọ náà ti ń sọ̀rọ̀ ní ọdún tí ìjọba pààrọ̀ owó, èyí tí í ṣe 1984? Ṣé ó ti ń lọ sí ilé ìwé nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kú ní 1987, tàbí nígbà ìbò June 12 ní 1993? Ìdáhùn bẹ́ẹ̀ máa ń sún mọ́ òótọ́ ju kí ìyá kàn fojú bu iye ọdún lọ.

Ní ti ìwé, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, káàdì èsì ìdánwò ilé ìwé tí olùkọ́ kọ ọ̀rọ̀ sí, ìwé ilé ìwòsàn àtijọ́ àti fọ́tò wúlò púpọ̀. Gbólóhùn olùkọ́ kan ṣoṣo, pé ọmọ yìí mọ ìṣirò ṣùgbọ́n kì í bá ẹnikẹ́ni ṣeré, lè ran dókítà lọ́wọ́ ju ọ̀rọ̀ wákàtí kan lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìdílé ní Sabon Gari ni ìwé wọn ti ṣègbé. Rògbòdìyàn ọdún 1953, ti 1966, ti oṣù kẹwàá ọdún 1991 àti ti 2004 lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nílé pẹ̀lú aṣọ ọrùn wọn nìkan. Iná tí ó jó ọjà Sabon Gari ní oṣù kẹta ọdún 2016 run ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú ohun tí àwọn oníṣòwò tọ́jú sínú wọn. Ẹni tí kò ní ìwé kò ní láti bẹ̀rù. Kí ó sọ fún dókítà bí ìwé náà ṣe sọnù, kí ó sì mú ẹlẹ́rìí méjì wá dípò ọ̀kan.

Ìbẹ̀rù tí ó dé lẹ́yìn, àti èyí tí ó ti wà tẹ́lẹ̀

Àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ wọ̀nyí tún ní ìtumọ̀ mìíràn fún àyẹ̀wò. Ní oṣù kẹta ọdún 2013, bọ́ǹbù dún ní ibùdó ọkọ̀ akérò tí ó wà ní New Road, ó sì pa ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2014, òmíràn tún dún ní Sabon Gari. Ẹni tí ó la irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kọjá lè máa ta gìrì sí ariwo, kí ó máa sá fún èrò, kí ó má lè sùn, kí ó má sì fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ní òde, ó lè jọ ọ́tísìmù. Kì í ṣe òun. Ọgbẹ́ ọkàn ni, ó sì ní ìtọ́jú tirẹ̀ tí ó yàtọ̀.

Ìbéèrè tí ó ya méjèèjì sọ́tọ̀ rọrùn, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ gba àròjinlẹ̀: báwo ni ó ti rí kí ó tó ṣẹlẹ̀? Ẹni tí ó ti ń di etí rẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́rin bí wọ́n bá ń lu ìlù, tí ó sì tún wà ní New Road ní ọdún 2013, lè ní ohun méjèèjì pọ̀. Kí ó kọ ti ìṣáájú sí ojú ewé kan, kí ó kọ ti ìkẹyìn sí òmíràn, kí ó sì mú méjèèjì lọ. Ó tún yẹ kí ó sọ òtítọ́ nípa ọtí, igbó, tramadol tàbí omi oògùn ikọ́ tí ó ní codeine, èyí tí ìjọba àpapọ̀ fòfin dè ní ọdún 2018. Dókítà kì í ṣe ọlọ́pàá. Bí wọ́n bá fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́ fún un, ohun tí kò tọ́ ni yóò kọ sínú ìwé.

Àwọn ohun mìíràn tún wà tí ó lè jọ ọ́tísìmù tàbí kí ó bá a rìn: àìgbọ́ràn dáadáa, wárápá, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, àníyàn tí kò lópin, àìlèfọkànsí-ohun-kan, àti àrùn ọpọlọ tí ń mú kí ènìyàn gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Ó dára kí ẹni tí ó ní ìṣòro etí ti lọ ṣe àyẹ̀wò etí kí ó tó dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn ọpọlọ.

Ojú tí kò wo ojú, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ní àbọ̀

Àwọn Òyìnbó ni ó ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń lò fún àyẹ̀wò yìí, àṣà wọn sì wà nínú rẹ̀. Wíwo ojú ni àpẹẹrẹ tí ó hàn jù. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ tí ó bá tẹjú mọ́ àgbà nígbà tí wọ́n ń bá a wí ni wọ́n ń pè ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ní ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá pàápàá, ìtìjú jẹ́ ìwà ọmọlúàbí. Nítorí náà, kí ẹni tí ń lọ fún àyẹ̀wò má kàn sọ pé òun kì í wo ojú ènìyàn. Kí ó sọ bí ó ṣe rí láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, láàrin àwọn àbúrò rẹ̀, àti pẹ̀lú ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ nínú yàrá, níbi tí àṣà kò ti dí i lọ́wọ́.

Ní ìdà kejì, àwọn àmì kan wà tí ó hàn nínú àṣà Yorùbá ju ti ẹnikẹ́ni lọ, tí kò sí ìwé Òyìnbó kan tí yóò béèrè wọn. Yorùbá ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ yóò di odidi. Fún ẹni tí ó ní ọ́tísìmù, àbọ̀ ọ̀rọ̀ máa ń wà ní àbọ̀ náà ni. Bí ó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí ń jẹun, tí wọ́n ní kí ó wá jẹun, ó lè jókòó kí ó sì jẹ ẹ́ ní ti gidi, nítorí kò mọ̀ pé kí ó dáhùn pé yóò gba ibi ire ni wọ́n ń retí. Bí ìyá ìyàwó bá ní ilé yìí gbóná o, ó lè gbà pé ó gbóná, kí ó má sì dìde láti ṣí fèrèsé. Ìkíni náà wà níbẹ̀: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀. Àwọn kan máa ń kọ́ wọn sórí bí ẹni kọ́ ìṣirò, wọ́n sì máa ń lo èyí tí kò bá ìgbà mu. Irú àpẹẹrẹ wọ̀nyí, pẹ̀lú ohun tí ó tẹ̀yìn wọn yọ, ni ó yẹ kí ènìyàn kọ sílẹ̀. Bí dókítà kì í bá ṣe Yorùbá, kí wọ́n ṣe àlàyé ìdí tí ó fi jẹ́ àṣìṣe.

Èdè tún ni ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹni tí ó dàgbà ní Sabon Gari lè máa sọ Yorùbá nílé, Haúsá lọ́jà, Gẹ̀ẹ́sì níbi iṣẹ́. Ó lè dà bí ẹni tí ara rẹ̀ yá gágá lọ́jà, nítorí pé ọ̀rọ̀ ọjà ní ìlànà tí kì í yí padà: ìkíni, iye owó, ìdúnàádúrà, ó dàbọ̀. Kí ó bá ìyàwó rẹ̀ sọ ohun tí ó ń dùn ún ni ó lè máà ṣeé ṣe. Èdè tí ìmọ̀lára rẹ̀ wà nínú rẹ̀ ni kí ó béèrè láti lò, bí ó tilẹ̀ gba kí wọ́n wá ògbufọ̀ tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀.

Àwọn obìnrin ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń bò mọ́lẹ̀ jù. Ọmọbìnrin tí ó dákẹ́, tí kì í jáde, tí ó ń ṣe ohun kan náà ní ọ̀nà kan náà lójoojúmọ́, ìyìn ni wọ́n ń fún un. Ìwádìí ní Bírítéènì ti fi hàn pé ọ̀pọ̀ obìnrin tí ó ní ọ́tísìmù máa ń wo àwọn ẹlòmíràn fínnífínní, tí wọ́n á sì máa ṣe bíi tiwọn, débi pé kò sí ẹni tí yóò fura. Bí wọ́n bá dé ilé, okun inú wọn ti tán. Kí obìnrin bẹ́ẹ̀ sọ ohun tí dídibọ́n náà ń ná an: wákàtí mélòó ni ó fi ń dùbúlẹ̀ nínú òkùnkùn lẹ́yìn ìkómọjáde kan?

Kíkọ ọ́ sílẹ̀

Ọ̀sẹ̀ méjì tó láti fi kọ ìwé kékeré kan. Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo níye lórí ju ọ̀rọ̀ àpèjúwe mẹ́wàá lọ. Dípò kí ènìyàn kọ pé òun kórìíra ariwo, kí ó kọ pé bí jẹnẹrétọ̀ mẹ́ta bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù, òun kì í lè ka owó, àti pé òun ti fún oníbàárà ní ṣéńjì tí kò pé lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ náà. Dípò kí ó kọ pé òun kì í ní ọ̀rẹ́, kí ó ka iye iṣẹ́ tí òun ti fi sílẹ̀, kí ó sì kọ ìdí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi bàjẹ́. Bí kò bá mọ̀wé kọ, kí ó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù, kí ẹni tí ó fọkàn tán bá a kọ ọ́.

Kí ó kọ ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe pẹ̀lú. Ní ọdún 2025, Kanyeyachukwu Tagbo-Okeke, ọmọ ọdún 15 tí ó ní ọ́tísìmù, wọ ìwé Guinness World Records fún àwòrán tí ó tóbi jù lórí aṣọ, èyí tí wọ́n ṣí ní Àbújá. Inú dùn sí i, ṣùgbọ́n irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lè mú kí àwọn ènìyàn rò pé gbogbo ẹni tí ó ní ọ́tísìmù gbọ́dọ̀ ní ẹ̀bùn àrà. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní in, dókítà kò sì wá a.

Àwọn ìbéèrè tí ènìyàn lè dáhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì tún wà. Èyí tí ó lókìkí jù ni AQ, oníbéèrè 50, tí àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Cambridge gbé jáde ní ọdún 2001. Wọ́n ti gé e kúrú sí ìbéèrè mẹ́wàá. Ìlànà ìjọba ilẹ̀ Bírítéènì ti ọdún 2012 sọ pé bí àgbàlagbà bá gba máàkì mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú mẹ́wàá, kí wọ́n ronú láti rán an lọ fún àyẹ̀wò kíkún. Kò sọ pé ó ti ní ọ́tísìmù. Ìbéèrè kan nínú AQ tilẹ̀ ń fi ilé eré wé ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ohun tí ìyẹn yóò sọ nípa ẹni tí ó lo gbogbo ayé rẹ̀ láàrin ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìjọsìn ní Kánò kò tó nǹkan. Kí ènìyàn tẹ̀ ẹ́ bí ó bá fẹ́, kí ó mú un dání, kí ó má sì fi máàkì ṣe ìdájọ́ ara rẹ̀.

Ibi tí wọ́n lè lọ

Ní Kánò, ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni Aminu Kano ní Zaria Road, ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ sì wà ní Dawanau. Ní Kàdúná, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Barnawa. Ẹni tí ẹlẹ́rìí rẹ̀ wà ní ilé lè rí i pé ó rọrùn jù láti lọ sí Arò ní Abẹ́òkúta tàbí UCH ní Ìbàdàn, kí ìyá rẹ̀ lè bá a wọlé. Níbikíbi tí ó wù kó jẹ́, kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè pé ṣé wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò ọ́tísìmù fún àgbàlagbà, nítorí àwọn ibi kan wà tí ó jẹ́ pé ọmọdé nìkan ni wọ́n ń wò. Kí wọ́n béèrè iye owó, iye ìgbà tí wọ́n yóò wá, àti bóyá ìwé láti ọ̀dọ̀ dókítà gbogboogbò pọn dandan.

Lọ́jọ́ náà, kí ó jẹun, kí ó wọ aṣọ tí ara rẹ̀ gbà, kí ó mú ohun tí ó fi ń dí etí dání bí ó bá ń lò ó. Ìlà lè gùn, afẹ́fẹ́ lè máà sí, ìró èrò lè mú kí orí rẹ̀ gbóná kí wọ́n tó pè é. Kò burú kí ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé òun fẹ́ dúró níta. Kí ó má sì ṣe múra bí ẹni tí ó ń lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́, tí yóò fi gbogbo agbára rẹ̀ dibọ́n. Ojú tí ó fi ń wo ayé nígbà tí ó bá dá wà ni dókítà fẹ́ rí.

Ìdáhùn lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ó sì lè jẹ́ pé nǹkan mìíràn ni. Èyí tí ó wù kó jẹ́, kò sí oògùn, àgbo tàbí ààwẹ̀ tí ń wo ọ́tísìmù sàn. Àwọn oògùn kan wà fún àníyàn, àìróorunsùn tàbí wárápá tí ó bá a rìn. Ẹbí tí ó bá fẹ́ gbé àgbàlagbà lọ sí ilé ìtọ́jú tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ènìyàn mọ́lẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́. Ní ọdún 2019, àjọ Human Rights Watch ròyìn irú ìwà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bẹ ibi 28 wò ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ àti Àbújá, nínú ilé ìjọsìn, ilé ìbílẹ̀ àti ti ìjọba pàápàá. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023 rọ́pò òfin àtijọ́ tí ó ń pe aláìsàn ní wèrè, ó sì fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti mọ ìtọ́jú tí wọ́n fẹ́ fún un.

Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, òfin mìíràn tún wà. Òfin tí ó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, sọ pé ilé iṣẹ́ tí ó bá ya ènìyàn sọ́tọ̀ nítorí àbùkù ara tàbí ti ọpọlọ yóò san mílíọ̀nù kan náírà, ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò sì san 100,000 náírà tàbí kí ó lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà. Kò pọn dandan kí ènìyàn sọ fún ọ̀gá rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Àwọn kan máa ń sọ fún ìyàwó tàbí ọkọ nìkan, wọ́n á sì béèrè ohun kékeré níbi iṣẹ́ láìdárúkọ ohunkóhun: kí wọ́n gbé tábìlì wọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n kọ iṣẹ́ ọjọ́ sílẹ̀ dípò kí wọ́n máa sọ ọ́ lẹ́nu.

Kí ó gba ìwé èsì náà ní kíkọ, pẹ̀lú orúkọ àti ìfọwọ́sí dókítà, kí ó sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀kan yóò wà nílé ní Sabon Gari, fọ́tò ọ̀kan yóò wà lórí fóònù, èyí tí ó kù yóò wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní ilé, níbi tí iná ọjà kò lè dé.